Ọ̀nà Odò Tí Ọlálẹ́yẹ Dí

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọlálẹ́yẹ. Àìgbẹ́kẹ̀lé ènìyàn ló ba tirẹ̀ jẹ́. Kò jalè, kò mutí, kò sì lu ìyàwó rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò kọ́kọ́ ro ohun tí o fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dáhùn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣọ́ ẹnu géètì ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan lọ́nà Papalanto, tó ń tú àpò àwọn òṣìṣẹ́ wò nírọ̀lẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kúrò lẹ́nu géètì, ṣùgbọ́n géètì kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Lọ́dún 1981, ó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra ilé kan ní Ìdí-Ìyeyè, abúlé wa kékeré tó wà létí odò Ògùn. Gbogbo ohun tó ní láyé ló kó lé e. Ilé alámọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ó ní yàrá mẹ́ta àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́, ìró omi àti ti ẹyẹ lèèyàn ń gbọ́. Harriet ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn ibẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀. Ọlálẹ́yẹ ní tirẹ̀ ń bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí owó ilé náà kò fi wọ́n.

Bàbá Mọ́nsúrù, olórí ẹbí tó ta ilé náà, mú un dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ó nawọ́ sí ọ̀nà tóóró kan tó gba ibẹ̀ lọ sódò.

"Ilé la tà fún yín, a ò ta ọ̀nà yìí. Ọ̀nà odò kì í ṣe ti ẹnì kan. Gbogbo abúlé ló ń gbà á lọ pọnmi."

"Mo ti gbọ́," ni Ọlálẹ́yẹ wí. Nínú ara rẹ̀, ó ní, báyìí ni wọ́n ṣe máa ń ráyè wo inú ilé onílé.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ní ìdájí, àwọn obìnrin á gbé korobá kọjá lẹ́yìn ilé rẹ̀, wọ́n á sì kí i, "Ẹ kú ìdájí o." Ìyá Sìlífátù, àgbàlagbà tó máa ń ṣíwájú wọn, á dúró díẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á wo ìsàlẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ọlálẹ́yẹ ń ṣọ́ ọ láti ojú fèrèsé.

"Kí ni ìyá yìí ń wò lójoojúmọ́?"

"Odò ló ń wò," Harriet dáhùn.

"Odò tó ti ń rí láti kékeré? Ilé wa ló ń ṣọ́. Ìfura loògùn àgbà."

Oògùn náà ni kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ní oṣù kẹta tí wọ́n débẹ̀, àgbébọ̀ rẹ̀ kan di àwátì. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó lọ sí Abẹ́òkúta, ó ra páànù, ó fi yí gbogbo ilé po títí ó fi ga ju orí èèyàn lọ. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ níwájú, ó sì kọ́ àgádágodo sí i. Báyìí ni ọ̀nà odò ṣe dí. Àwọn obìnrin wá ń rìn yí oko ká kí wọ́n tó rí omi pọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àgbébọ̀ yọ láti inú igbó ọparun, ọmọ mẹ́sàn-án tẹ̀ lé e. Ojú ti Harriet, ó bẹ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Adépéjú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ọ̀nà àwọn èèyàn yìí. Adìẹ yín sàba ni."

"Ṣé o rí i? Ìgbà tí mo dí ọ̀nà ni wọ́n tó dá a padà."

Harriet lọ da ọkà fún àwọn òròmọdìẹ.

Ìyá Sìlífátù wá bá a fúnra rẹ̀. "Ọlálẹ́yẹ, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn. Òkúta ìfọṣọ kan wà nísàlẹ̀ yẹn. Bí omi bá ti bò ó, odò ń bọ̀ wálé nìyẹn. Àwa tí à ń kọjá la máa ń rí i, tí a ó sì pe onílé. Ta ló máa bá ọ wò ó báyìí?"

"Ẹ ṣeun, mà. Mo lójú."

Bí ìyá ti lọ tán, ó fi àgádágodo kejì kún ti àkọ́kọ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, a gbọ́ tí Ìyá Sìlífátù ń lu páànù náà. "Ẹ jáde o! Omi ti bo òkúta!"

Harriet dìde. Ọlálẹ́yẹ dì í lọ́wọ́ mú.

"Jókòó. Bí a bá jáde, wọ́n á wọlé wá kó wa lẹ́rù."

Ó yọjú lójú fèrèsé ẹ̀yìn, páànù ló rí. Páànù tó fi dí ojú aráyé ti dí ojú tirẹ̀ náà. Ó ní irọ́ ni ìyá ń pa. Kò pẹ́, omi gba abẹ́ páànù wọlé, ó sì mù wọ́n dé orúnkún. Ìgbà náà ló tó sáré wá kọ́kọ́rọ́. Inú agolo kan nílé ìdáná ló fi pamọ́ sí kí ìyàwó rẹ̀ má baà mọ ibẹ̀, omi sì ti gbé agolo lọ.

Bàbá Mọ́nsúrù ló fi àáké gé páànù. A gbé Harriet jáde, a fa ọkọ rẹ̀ náà jáde, a kó ẹrù tí ọwọ́ wa bà. Nígbà tó di ọ̀sán, amọ̀ ti rọ̀, ògiri ẹ̀yìn wó, òrùlé tẹ̀ lé e.

Ìyá Sìlífátù gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún Ọlálẹ́yẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Mọ́nsúrù. Àwọn obìnrin kó ẹrù rẹ̀ síwájú rẹ̀: rédíò, àpótí aṣọ, fìtílà, títí dórí àgbébọ̀ yẹn. Ojú rẹ̀ ń lọ láti orí ọ̀kan sí èkejì, bó ti máa ń ṣe lẹ́nu géètì.

"Ó pé," ni Harriet wí. "Ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò mọ́."

Ọlálẹ́yẹ bú sẹ́kún. Kò lówó tó lè fi kọ́ òmíràn. Yàrá kan ló háyà ní Abẹ́òkúta, nínú agbo ilé tí ìdílé mẹ́jọ ti ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ní abúlé wa, àwọn obìnrin tún ń gba ọ̀nà wọn. Àárín ibi tó jẹ́ yàrá Ọlálẹ́yẹ ni ọ̀nà náà gbà kọjá báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilé, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Ẹni tó ra ilé ra aládùúgbò mọ́ ọn. Olè wà láyé, èmi ò ní kò sí, ìfura sì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fura sí gbogbo èèyàn kò ní dá ohùn olóòótọ́ mọ̀ lọ́jọ́ tó bá ń pè é. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Kí o tó ti ọ̀nà mọ́ ọmọnìkejì rẹ, bi ara rẹ léèrè ibi tí ìwọ náà máa gbà jáde.