Ẹsẹ̀ Tó Dọ́gba

Ọ̀gá tó ń gbé iṣẹ́ fún bàbá onítáìlì kò fi ọ̀rọ̀ náà bò. Ó ní olówó tó ni gbọ̀ngàn tuntun ti rí bàbá níbi tó ti ń tiro kọjá, ó sì sọ pé ẹni tí kò lè rìn tààrà kò lè tẹ́ táìlì tààrà.

"Ẹ wá nǹkan ṣe sí ẹsẹ̀ yẹn," ọ̀gá wí. "Bẹ́ ẹ bá ṣì ń tiro nígbà tá a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíì ló máa ṣe é."

Bàbá ní òun ti gbọ́. Ó padà sídìí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀, ó na ẹsẹ̀ kejì, èyí tó ń dùn ún, gbọọrọ síwájú, ó sì ń tẹ́ táìlì lọ. Bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ ló sì já sí ojú kan náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ gbé omi gbígbóná wá, ó ki aṣọ ìnura kan bọ̀ ọ́, ó fún un, ó fi lé orúnkún tó ń dùn ún. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin wọn bá wọn, tòun ti oyún tó ti wọ oṣù ìbímọ.

"Bàbá mi, mo ti bá dókítà mi sọ̀rọ̀ yín," ó wí. "Ó ní ká wá."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ dùn ni dókítà tí bàbá, màmá àti ọmọbìnrin wọn lọ bá. Ó ṣàlàyé pé inú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ tuntun ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ wà, pé wọn kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe nínú ara. Ibi tí a bá gún wọn sí ni wọ́n á ti kọ́ṣẹ́; bí a bá gún wọn sí orúnkún tó ń dun bàbá, àtúnṣe rẹ̀ ni wọ́n á kọ́.

"Àbúrò mi ọkùnrin kan wà nílé," ni màmá wí. "Ó ti hu ewú, kò tíì mọ iṣẹ́ tó máa ṣe. Ṣé ẹ lè bá wa gún òun náà síbì kan?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀fẹ́ ni, torí ìwádìí ṣì ni. Ó ní wọ́n sì lè fi ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ náà sínú yìnyín fún ọmọ fúnra rẹ̀, bóyá àìsàn lè dé lọ́jọ́ iwájú, àmọ́ kò ní í tó ẹni méjì.

"Ọmọ ò tíì délé ayé, a ti ń pín ẹrù rẹ̀," màmá wí.

Bàbá ní kí wọ́n fi í pamọ́ fún ọmọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀.

"Ẹsẹ̀ yẹn lẹ fi ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ fi tọ́ mi. Ọmọ mi ò ní bá yín jà."

Wọ́n ní kí bàbá rìn lórí ẹní rọ́bà kan tó ń wọn ìrìn. Ìlà méjì hàn lójú ẹ̀rọ, ìkan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìkan ga, ìkan kúrú.

"Ọjọ́ tí wọ́n bá dọ́gba," dókítà wí, "a ti jáwé olúborí."

Ọmọ dé láyọ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n pe bàbá. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tí kò jẹ́ kó mọ ohunkóhun mọ́ láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, wọ́n ta aṣọ sí iwájú rẹ̀, wọ́n sì fi ṣòkòtò rẹ̀ kọ́ ara ògiri. Ó gbọ́ ohùn dókítà lẹ́yìn aṣọ, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ wo ibi tí ṣòkòtò yẹn ti já. Ẹ wá wo awọ orúnkún náà, ó le bí àtẹ́lẹ̀ bàtà. Ara òṣìṣẹ́ kì í parọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó jókòó, ó rí báńdéèjì. Ó wò ó títí. Ó ní, "Dókítà."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ó ti parí."

Ọmọbìnrin rẹ̀ dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ wà láyà rẹ̀, omijé wà lójú rẹ̀. "Bàbá mi, ọmọ-ọmọ yín ló wà nínú ẹsẹ̀ yín báyìí o."

Bàbá fa aṣọ bo orúnkún náà. "Ẹ ṣé," ó wí. "Ẹ ṣé gan-an."

Ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè é padà, àwọn tó ń fowó ṣe onígbọ̀wọ́ ìwádìí náà jókòó sórí àga, ọ̀gá rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Bàbá rin orí ẹní rọ́bà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń rọra gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ru ẹyin, àmọ́ kò tiro rárá. Ìlà méjèèjì dọ́gba lójú ẹ̀rọ, bíi táìlì tó jókòó dáadáa. Àtẹ́wọ́ sọ.

"Ó kàn ń falẹ̀ díẹ̀," onígbọ̀wọ́ kan wí.

"Ìtura ni," dókítà dáhùn. "Kò ní ohun tó ń lé e mọ́."

Ọ̀gá na ọwọ́ sí bàbá. "Tiyín ni gbọ̀ngàn yẹn. Ọjọ́ Ajé la ó bẹ̀rẹ̀."

Níta, àwọn aboyún ti tò sẹ́nu ọ̀nà, àwọn òbí wọn ń tiro tẹ̀ lé wọn. Ọmọbìnrin rẹ̀ gbé ọmọ sókè kó lè rí wọn. "Wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ," ó sọ fún ọmọ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ ti ilẹ̀kùn yàrá kí ọmọ wọn má baà wọlé bá wọn, ó gbé omi gbígbóná kalẹ̀, ó ki aṣọ ìnura méjì bọ̀ ọ́, ó fún wọn, ó fi ọ̀kan lé orúnkún ọ̀tún tó ti ń dun bàbá láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì fi èkejì lé ti òsì, tí kò dùn ún rí títí di ọjọ́ tí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́.