Ẹjọ́ Òfin Ọkọ̀ Ojú Omi

Wọ́n yí ètò ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin padà nígbà tó ku ọdún kan péré kí wọ́n ṣe tán, wọn ò sì bi ẹnikẹ́ni nínú wọn léèrè.

Bébà kan ṣoṣo ni akọ̀wé lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde. Ó ní dandan ni kí gbogbo ọmọ ọdún karùn-ún ṣe Òfin Ọkọ̀ Ojú Omi. Ó ní àwọn àtúnṣe yòókù wà nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ tuntun. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan làwọn akẹ́kọ̀ọ́ kà. Òkun tó sún mọ́ ìlú náà jù, ìrìn odindi ọjọ́ kan ni. Olùkọ́ tó sì máa kọ́ wọn, ohùn rẹ̀ lè mú ẹni tó wà lórí ìdúró sùn lọ.

"Ọkọ̀ ojú omi wo ni mo fẹ́ wà?" ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Kẹ̀kẹ́ lásán ń gbé mi ṣubú."

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára jù ni ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Abala, nítorí pé kì í jiyàn kó má sọ abala òfin tí òun ti rí i. Télọ̀ ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí Abala wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, onílé fẹ́ lé ìyá yìí kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti iléèwé yìí kan náà ló wọ ẹ̀wù tó tóbi jù ú lọ wá síwájú adájọ́, tó ro ẹjọ́ náà títí ìyá fi padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ náà ni Abala ti mọ iṣẹ́ tó máa ṣe.

Ó kọ ìwé ẹ̀hónú, ó gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá.

"Buwọ́ lù ú."

"Èmi kọ́. Tí wọ́n bá lé ẹ, kò kàn mí."

"Wọn ò lè lé mi. Abala kẹrìnlá ní..."

"Ó ti tún dé," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí, ó sì fi ìrọ̀rí bo etí.

Kò sẹ́ni tó bá a buwọ́ lù ú. Òun nìkan ló gbé e lọ fún Díìnì, olórí iléèwé òfin náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi dúró de ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Ní gbogbo àsìkò náà, iwájú pátápátá ni Abala ń jókòó sí ní kíláàsì Òfin Ọkọ̀ Ojú Omi, ó ń kọ gbogbo ohun tí olùkọ́ ń sọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò kékeré, òun ló ṣe ipò kìíní.

"Kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an?" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í. "Ìwọ lo pe Díìnì lẹ́jọ́, ìwọ lo tún gba máàkì tó ga jù."

"Kọ́ọ̀sì náà ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ti ọkọ̀ tó rì yẹn gan-an dùn."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fọwọ́ kàn án níwájú orí, ó ń wò ó bóyá ara rẹ̀ gbóná.

Díìnì, obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò rí ẹ̀rín rẹ̀ rí, jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà pẹ̀lú olùkọ́ méjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ há sójú fèrèsé. Abala fi ìṣẹ́jú méjìlá rojọ́.

"Ètò ẹ̀kọ́ tí ẹ fi gbà wá wọlé, àdéhùn ni, mà. Apá kan ò lè dá yí àdéhùn padà. Òun náà ló yẹ ká fi kẹ́kọ̀ọ́ jáde."

"Ṣé gbogbo ètò àtijọ́ lò ń bèèrè," ni Díìnì bi í, "àbí ibi tó wù ẹ́ níbẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, mà. Láti èèpo dé èèpo."

"O ti kà á?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, mà."

Díìnì yọ gíláàsì rẹ̀, ó ń nù ún, kò sì tètè dá a padà sójú. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ méjì ń họrí. Nígbà tó yá, Díìnì ní Abala jàre. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kí ìdájọ́ náà kan òun, kó lọ buwọ́ lù ú lọ́dọ̀ akọ̀wé kí aago mẹ́rin tó lù.

Ariwo sọ. Wọ́n gbé Abala sókè, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ ń gbé òun ṣubú ń jó lórí tábìlì. Wọ́n sáré dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ara wọn ṣe tábìlì ìkọ̀wé. Abala dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀dà ètò ẹ̀kọ́ àtijọ́, ó ń nà án sí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

"Kà á ná kí o tó buwọ́ lù ú."

"Kí ni mo fẹ́ kà? Ṣebí o ti bá wa kà á," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí, ó sì fi tirẹ̀ fẹ́ ara.

Gbogbo wọn ló ti lo odindi ọdún kan lórí òfin àdéhùn. Kí aago mẹ́rin tó lù, mọ́kànlélógójì ti buwọ́ lù ú.

Díìnì jáde wá, ó ka àwọn orúkọ náà lọ sókè, ó kà wọ́n bọ̀ nísàlẹ̀.

"O sọ fún wọn?"

"Mo ní kí wọ́n kà á, mà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn."

Díìnì bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Abala ṣáájú àwọn mọ́kànlélógójì náà dé ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n, láti bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì tó jẹ́ dandan nínú ètò àtijọ́, tí ètò tuntun yọ dànù, tó sì jẹ́ pé torí rẹ̀ nìkan ló ṣe pẹjọ́: ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún ọdún kan gbáko, kí olúkúlùkù wọn máa bá àwọn tí apá wọn ò ká lọ́yà rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.