Támálè Tó Kọ̀ Tí Kò Jinná

Ohun tí àgbà fi ń jẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà.

Ìyá àgbà ṣí ìkòkò, ó tẹ támálè kan, oúnjẹ àgbàdo àwọn ará Mẹ́síkò, wò láti ara háhá àgbàdo tí wọ́n fi dì í. Ó ṣì rọ̀ pẹ̀tẹ̀.

"Kò jinná. Inú ń bí ẹnì kan nílé yìí, támálè kì í sì í jinná fún oníbìínú."

Ìyàwó tuntun rò pé òun ni wọ́n ń bá wí. Kérésìmesì rẹ̀ àkọ́kọ́ nílé ọkọ ní El Paso, ìlú Amẹ́ríkà tó wà ní bodè Mẹ́síkò, nìyí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìyá náà méjì ni gbogbo ilé ń wò: Evaristo, aṣọ́bodè ìjọba, àti Néstor àbúrò rẹ̀, lọ́yà tó ń gba àwọn tí Evaristo bá mú sílẹ̀. Wọn ò kí ara wọn láti Ọdún Àjíǹde.

"Èmi ò bínú o," ni Evaristo wí.

"Ìkòkò ni kó o sọ ọ́ fún," ni ìyá fèsì.

Néstor yíjú sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun pé mo pè yín ní ajá bodè lọ́dún Àjíǹde."

"Ajá tébi ń pa ni mí báyìí. Máa bọ̀ níbí." Wọ́n dì mọ́ra.

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo sítóòfù. "Ìyá, kò mà síná lábẹ́ ìkòkò yìí."

Ìyá fọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, èmi ni mo pa á. Ìyàwó mi, jọ̀ọ́, bá mi tan án."