Ìdí Igi Mẹ́rin, Gíìgì Mẹ́jọ

"Mẹ́mọ́rì gíìgì mẹ́jọ ti tó fún láptọ́ọ̀pù ẹbí," ni ọlọ́jà wí.

Akọ̀wé ẹbí fẹ́ gbé e máa lọ, àmọ́ àgbà mẹ́rin tó bá a wá láti Ìsàlẹ̀ Gángan ti jókòó dí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyàwó mẹ́rin ni Bàbá Àgbà fẹ́," ni Àlàájà Ganiat wí. "Ìdí igi mẹ́rin ni wá, ọgbọọgba la sì ń pín ohun ẹbí. Bó o bá rẹ́ ẹnì kan jẹ, ibí la máa sùn."

"Gíìgì méjì-méjì ló kàn yín, mà," ni akọ̀wé dáhùn.

Inú wọn dùn, wọ́n dìde. Akọ̀wé mí kanlẹ̀.

"Bàbá Àgbà wo?" ni ọlọ́jà bèèrè.

"Àlàájì Yàkúbù Onífìlà," ni Àlàájà Ganiat dáhùn.

Ọlọ́jà ti ilẹ̀kùn pa. "Ẹ padà jókòó. Ìyàwó karùn-ún, ti Ẹnu Ọ̀wá, ló bí ìyá mi."

Akọ̀wé na ìka mẹ́jọ sókè, ó ń wá bó ṣe máa pín wọn sọ́nà márùn-ún.