Màmá Tó Ń Sunkún Níbi Orin Róòkì

Ayàwòrán kan ń sáré kiri iwájú ìtàgé orin róòkì, kámẹ́rà léjìká, bẹ́ẹ̀ ni olùdarí fíìmù ń jágbe mọ́ ọn nínú ẹ̀rọ etí rẹ̀.

"Ẹni tó ń sunkún ni mo fẹ́! Gbogbo pápá eré béèsìbọ́ọ̀lù Milwaukee níbí kún fọ́fọ́, o ò rí omijé ẹnì kan yà? Wá a rí, àbí kí o máa lọlé!"

Kò pẹ́ tó fi rí màmá arúgbó kan ní ìlà iwájú, tí omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó dojú kámẹ́rà kọ ọ́. Ojú màmá gba gbogbo pátákó amóhùnmáwòrán ńlá tó wà lókè pápá. Rory olórin rí i, ó dá gìtá dúró, ó bọ́ sórí koríko.

"Màmá, orin wo ló pa yín lẹ́kún báyìí?"

"Kì í ṣe orin, ọmọ mi. Nígbà tí wọ́n sun òkú Walter ọkọ mi, orí koríko tí o dúró sí yẹn ni mo yọ́ da eérú rẹ̀ sí, torí ó fẹ́ràn béèsìbọ́ọ̀lù. Orí rẹ̀ lo dúró lé."

Rory fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ iná.

"Ẹ má bínú, màmá. Ṣé baba fẹ́ràn orin wa?"

"Ó kórìíra rẹ̀! Tí mo bá ní kó mú mi wá wò yín, á ní orí ń fọ́ òun." Màmá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ló ti ń pa á lẹ́kún látẹ̀ẹ̀kan. "Padà sórí koríko tí o dúró sí tẹ́lẹ̀, jàre, kí o lu gìtá yẹn kíkankíkan. Lónìí, Walter kò ríbi sá sí."