Adìyẹ àti Àwọn Ọmọ Awó

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Adìyẹ kan tí ojú ọmọ ń pọ́n. Ó rí ẹyin tí Awó yé sínú igbó tí kò sì padà wò. Ó sàba lé wọn títí wọ́n fi pa, ó sì tọ́ wọn dàgbà. Nígbà tí wọ́n hu ìyẹ́ tótòtó, Awó dé.

"Èmi ni mo bí wọn! Kó wọn fún mi!"

Àfi bí Àṣá ṣe já wálẹ̀ lójijì. Awó fò sórí igi. Àwọn ọmọ sá sábẹ́ apá Adìyẹ, wọ́n ń kọrin:

Ìyá, bò wá o!
*Tere-nà!*
Ta ló tọ́ wa o?
*Tere-nà!*

Nígbà tí Àṣá lọ, Awó sọ̀ kalẹ̀ tìtìjú-tìtìjú. "Ẹ ṣeun, ìyá wọn."

Adìyẹ ní, "Èmi ò lè fò dórí igi, ìwọ lè fò ó. Dúró tì mí, ká jọ tọ́ wọn."