Kàtídírà Ń Wá Ẹni Tó Ń Ṣi Orin Kọ

Látìgbà tí àwọn akọrin kàtídírà ti ń so ẹ̀rọ atúnhùnṣe, tó ń tọ́ ohùn tó bá yẹ̀ sọ́nà, mọ́ ọrùn, kò sẹ́ni tó ń ṣi orin kọ mọ́, ìjọ sì ń sùn láti orin ìwọlé títí dé oore-ọ̀fẹ́. Ni bíṣọ́ọ̀bù bá pàṣẹ pé kí wọ́n wá ẹnìkan tí yóò máa ṣi orin kọ.

Màmá Adétóún ló kọ́kọ́ dé fún ìdánwò. Ogójì ọdún sẹ́yìn, ohùn burúkú ni wọ́n torí ẹ̀ lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó la ẹnu, orin sì jáde, ó gún régé.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, ọ̀gá akọrin, fọwọ́ lérán. "Màmá, ẹ ò mà ṣì í kọ rárá!"

"Àràárọ̀ ni mo ń kọ́ ọ látọjọ́ tí ẹ ti lé mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú, kẹ́ ẹ ṣì í díẹ̀."

Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, etí rẹ̀ kò gbà fún un. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ẹ máa lọ sílé, Màmá. A ó ránṣẹ́ sí yín."

"Ọmọ mi, nígbà tí ẹ kọ́kọ́ lé mi, mo lọ." Ó jókòó sáàárín àwọn obìnrin akọrin tó ń kọ ohùn áàtò, ó ṣí ìwé orin. "Èwo ló kàn?"

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé pe nọ́ńbà orin fún un.